Màríámọ̀ àti Ìyá Arúgbó Inú Tẹlifíṣàn

Ó yẹ ká kọ́kọ́ kéde rẹ̀ kí gbogbo ayé gbọ́: Màríámọ̀, ìyá aláṣọ ní Grand Marché, ọjà ńlá Niamey, kì í jókòó wo tẹlifíṣàn láìkọ́kọ́ fi àtíkè sójú. Láti ọdún mẹ́tàlélógún tó ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Niamey, kò tíì rí ẹni tó tó láti rí òun láìmúra, ìbáà wà láyé, ìbáà wà nínú àpótí tẹlifíṣàn.

Owó yúréníọ̀mù ló ra tẹlifíṣàn náà. Gàfárù, tó ń wa yúréníọ̀mù nílẹ̀ ní ìlú Arlit, ló gbé e wá nígbà tó ń tọrọ Ràhámọ̀tù, ọmọ Màríámọ̀, láti fi ṣaya. Màríámọ̀ gba tẹlifíṣàn. Kò tíì gba Gàfárù.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n máa ń fi eré kan hàn, ti ilẹ̀ òyìnbó láyé àtijọ́, níbi tí ìyá arúgbó kan ti ń wá ẹni tó pànìyàn. Faransé ni wọ́n ń sọ. Faransé Màríámọ̀ kò kọjá iye owó ọ̀pá aṣọ, ṣùgbọ́n èyí tó gbọ́ tó o láti fi kẹ́gàn wọn.

"Ẹ wò wọ́n! Òkú ń bẹ nílé, tíì ni wọ́n ń mu. Ẹnìkan ò tẹ́ ẹní síta fẹ́ni tó wá kí wọn. Ìyá yìí náà, ó dàgbà tó báyìí, kò sọ́mọ-ọmọ tó bá a gbé báàgì. Ilé onílé ló ń kiri, bisikíìtì ni wọ́n fi ń lé e."

Sátidé tí à ń wí yìí, Gàfárù ti Arlit dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sórí ẹní. Nínú eré, wọ́n ti pa baálé ilé kan. Màríámọ̀ nawọ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n òkú.

"Òun ni. Ẹ wo bí aṣọ ọ̀fọ̀ yẹn ṣe bá a lára mu. Wọ́n ti wọn ara rẹ̀ kí ọ̀gbẹ́ni yẹn tó kú!"

Gàfárù wúkọ́. "Ẹ má bínú, Màmá. Dókítà ló pa á."

Ràhámọ̀tù fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà. Ó ti pẹ́ jù.

"Dókítà?"

"Wọ́n sọ ọ́ ní Faransé, Màmá. Òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n pa á sí."

"O ṣeun, ọ̀mọ̀wé. Bó bá jẹ́ dókítà, mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n, padà sí Arlit. Tẹlifíṣàn ò ní bá ọ lọ."

Nínú eré, ìyá arúgbó kó gbogbo wọn jọ sí pálọ̀ láti dárúkọ apànìyàn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó bọ́ èkejì. Ó gbé ìka sókè. Ràhámọ̀tù di ẹ̀wù Gàfárù mú.

Lójijì wọ́n gé eré náà, orin ológun bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gágun kan yọ lẹ́yìn tábìlì, ó ka ìwé fún wákàtí kan gbáko lórí ohun tí yúréníọ̀mù yóò ṣe fún wa. Nígbà tó parí, wọ́n fi àsíá hàn, ètò ọjọ́ náà parí.

Ní Sátidé kejì, òkú mìíràn ni, wọn ò parí ti àkọ́kọ́.

Oṣù mẹ́jọ rèé. Gàfárù ń wá, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń padà. Màríámọ̀ ní òun kì í yẹ àdéhùn. Ràhámọ̀tù ti kọ lẹ́tà sí ìjọba ológun pé kí wọ́n dákun, ta ló pa ọkùnrin yẹn? Lẹ́tà náà mọ́, ó gún régé, ó ku ẹni tí yóò fọwọ́ sí i nìkan. Ṣé ẹ̀yin lè bá wọn fọwọ́ sí i?