Ọ̀já Tí Wọ́n Fi So Ọmọ Mi Mọ́ Bẹ́ǹṣì

Títí di òní olónìí, bí mo bá gbóòórùn aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, èébì a máa gbé mi. Àwọn ará àdúgbò mi rò pé èéfín èédú ni mi ò fẹ́. Mi ò ṣàlàyé fún wọn rí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra, mo sì fẹ́ sọ ọ́ báyìí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ní inú ló ń bí mi ni mo ṣe bù mọ́ ọn. Inú ń bí mi lóòótọ́. N kò bù mọ́ ọn.

Ọmọ Òṣogbo ni mí, Iléṣà ni mo lọ́kọ sí. Ní ọdún tí wọ́n yọ ìpínlẹ̀ wa kúrò lára Ọ̀yọ́, wọ́n gbé ọkọ mi láti Ìbàdàn wá sí sẹkitéríàtì tuntun ní Òṣogbo. Ọjọ́ Ajé ni yóò lọ, ọjọ́ Ẹtì ni yóò dé. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé girama kan ní Iléṣà. Mo ti gboyè yunifásítì nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, mo sì fi férémù gbé ìwé ẹ̀rí náà kọ́ sí pálọ̀, ní ọ̀kánkán ibi tí àlejò yóò jókòó sí.

Àkọ́bí wa, obìnrin, pé ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ nígbà tí mo mú un lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó jẹ́ ti ìjọ. Ẹni tó bá gbọ́njú nígbà náà mọ ìdánwò tí wọ́n fi ń gba ọmọ: kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ tó iléèwé. Bí kò bá kàn án, kó padà sílé lọ dàgbà. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè bí inú orí tí ọwọ́ náà gbà kọjá ṣe rí. Apá ọmọ mi gùn bíi ti bàbá rẹ̀. Ó fọwọ́ kan etí, ó tún fà á. Ọ̀gá iléèwé, obìnrin kan tó máa ń fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, rẹ́rìn-ín, ó ní, “Èyí mà ti tó kọ̀wé sí gómìnà.” Inú mi dùn débi pé mo pa òwe fún un, pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Èmi tí wọ́n fi odidi ọdún kọ́ nípa bí ọpọlọ ọmọdé ṣe ń dàgbà, apá ni mo fi wọn ọmọ tèmi. Òwe tó bá ọjọ́ náà mu jù ni mo gbàgbé, èyí tó ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.

Kò pé oṣù méjì tí ẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà kì í jókòó. Bí wọ́n bá ń kọ́ wọn ní áà-bí-dì, yóò ti dìde lọ ka irin ojú fèrèsé. Yóò dáhùn ìbéèrè kí tíṣà tó bi í tán. Ní sáà kan ṣoṣo, ó sọ ìgò omi mẹ́ta nù, ó sì wọ bàtà ẹsẹ̀ kan wálé lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀ pé ẹsẹ̀ kejì ti ṣófo. Lẹ́tà tó bá kọ, ẹ̀yìn ni ó ń dojú kọ. Bí ó bá ka ọ̀rọ̀ kan lókè ìwé, tó bá tún pàdé ọ̀rọ̀ náà nísàlẹ̀, bí àlejò ni yóò rí lójú rẹ̀. Ó ń tọ̀ sílé nígbà tí àbúrò rẹ̀ ti ṣíwọ́. Síbẹ̀, bí o bá ní kó wá jẹ́ kí o mọ̀ bí àwọn èèrà ṣe ń gbé òkú tata wọ ihò, yóò rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní fi ẹsẹ̀ èèrà kan sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ sínú káàdì rẹ̀ ní sáà àkọ́kọ́ ni pé ó máa ń ṣeré jù. Ní sáà kejì, wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Ní sáà kẹta, wọ́n ní orí kunkun ló ní. Orúkọ mẹ́ta láàárín ọdún kan, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ bí ó ṣe ń rí lára rẹ̀. Ní ọjọ́ ìparí sáà, wọ́n a máa to gbogbo iléèwé sí gbàgede, wọ́n a máa pe ipò láti orí ẹni kìíní dé orí ẹni tó kẹ́yìn. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ẹni kìíní. Wọ́n á hó lé ẹni tó kẹ́yìn lórí. Tíṣà ló ń dá orin ìhó náà, mo fi ojú mi rí i. Ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni ń dá orin Kérésìmesì. Ọmọ mi hó mọ́ wọn, nítorí kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń hó lé. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ìríra rẹ̀ ṣì ń gùn mí.

Mo nà án nílé lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Nígbà tó wọ kíláàsì kejì, ọ̀gá iléèwé ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, “Mísìsì, ẹ̀yin náà tíṣà ni, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ọmọ àádọ́ta ló wà ní kíláàsì yẹn. Ẹ fún un ní ọ̀já kan kó máa mú wá.”

Mo ní, “Ọ̀já kẹ̀, mà?”

Ó ní, “A ó kàn fi rán ara rẹ̀ létí pé ara ń jókòó. Ṣé ẹ̀yin náà kò fi ọ̀já pọ̀n ọ́n ni? Ṣé ó pa á?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.” Mo ti ń sọ fún ara mi láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá pé n kò mọ ohun tó fẹ́ fi ọ̀já náà ṣe. Irọ́ ni. Mo mọ̀. N kò kàn béèrè ni, nítorí pé ẹni tó bá béèrè yóò gbọ́ ìdáhùn. Mo délé, mo yọ ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́n láti kékeré, èyí tó ní ìlà búlúù. Mo fọ̀ ọ́, mo fi sítáàṣì sí i kó le dáadáa, mo fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, mo ká a, mo sì kì í bọ báàgì rẹ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n sọ ní iléèwé pé ọmọ tíṣà mú ọ̀já dídọ̀tí wá. Lọ́jọọjọ́ Ẹtì ni mo ń fọ̀ ọ́, tí mo sì ń lọ̀ ọ́. Mo rí i pé etí ọ̀já náà kan ń já, ó sì ní ojú eyín. Mo bá ọmọ náà wí pé ó ń ba aṣọ jẹ́.

Ìyá ọkọ mi ń gbé ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ní kòkó àti obì. Obìnrin náà kò mọ lẹ́tà kan. Ó ń pe ilé ní “ulé” bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pè é, èmi ọmọ Òṣogbo a sì máa rẹ́rìn-ín sínú, bí ẹni pé bí a ti ń pe ilé ló ń sọ ẹni tó gbọ́n. Ní ọjọ́rú kan, ó gbé àgbàdo sísè wọ ìlú, ó sì yà sí iléèwé kó fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Àkókò ìsinmi ni, gbogbo ọmọ ń ṣeré ní ìta. Ó yọjú lójú fèrèsé kíláàsì, ó rí ọmọ náà nìkan lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ọ̀já yí i nínú, wọ́n ta á ní kókó lẹ́yìn bẹ́ǹṣì níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé. Ó ti tọ̀ sára. Ó fi eyín há etí ọ̀já.

Ohun tó tẹ̀lé e, ìyá náà àti ọ̀gá iléèwé ni wọ́n rò ó fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu. Ọ̀gá iléèwé ní, “Màmá, ẹ ò lè wọ kíláàsì báyìí o.”

Ìyá ní, “Èmi ò rí kíláàsì. Ibi tí wọ́n so ewúrẹ́ sí ni mo rí.”

“Ìyá rẹ̀ ló fún wa ní ọ̀já, Màmá. Ẹ lọ bi í.”

“Mò ń lọ,” ni ìyá wí. Ó tú kókó náà, ó fi ọ̀já kan náà pọn ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹsẹ̀ ọmọ ń fì dé orúnkún rẹ̀, ó sì rìn la ìlú já dé iléèwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Mo wà níwájú kíláàsì kẹrin, mo ń kọ́ wọn ní bí a ṣe ń kọ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀. Ìyá dúró sí ẹnu ọ̀nà. N kò kọ́kọ́ rí ọmọ náà. Ọ̀já mi ni mo rí.

Ó ní, “Ìyàwó, ṣé ìwọ lo fún wọn ní aṣọ yìí?”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ síta.”

“Ṣé ìwọ ni?”

“Èmi ni, mà.”

Ó wo àwọn ọmọ ogójì tó jókòó jẹ́ẹ́ níwájú mi, ó ní, “Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíì. Ìwé lo kà yẹn? Ulé ni mò ń gbé e lọ.” Ó yí padà. Ọmọ mi bojú wo ẹ̀yìn, ó juwọ́ sí mi, inú rẹ̀ ń dùn pé wọ́n pọn òun.

Ọkọ mi dé ní ọjọ́ Ẹtì, a sì jọ lọ sí abúlé. A bá ọmọ náà lábẹ́ igi, ó ń bó obì. Ìyá yóò ka mẹ́wàá fún un; tó bá bó o tán, yóò ní kó sáré lọ fọwọ́ kan igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀, kó sáré padà, yóò sì ka mẹ́wàá mìíràn fún un. Agbọ̀n kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo béèrè ẹni tó kọ́ ìyá bẹ́ẹ̀. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọkọ mi. “Olówó orí rẹ ni. Mo bí mẹ́jọ, òun nìkan ni kò jókòó rí. Tíṣà tirẹ̀ fọ́ ọ létí. Obì yìí náà ni mo fi tọ́ ọ.”

Mo wo ọkọ mi. Ó ń wo ilẹ̀. Ọdún méjì ló fi gbọ́ tí wọ́n ń pe ọmọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ, ó mọ̀ pé òun náà rí bẹ́ẹ̀, ojú sì tì í láti sọ. Ó ní, “Mo rò pé yóò kúrò lára rẹ̀ ni.” Títí ó fi kú, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ tó jẹ̀bi tó ìyẹn.

Òṣogbo ni ọkọ mi ti rí dókítà kan, obìnrin, tó ti tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó kàwé lókè òkun. Dókítà náà bá ọmọ wa ṣeré fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà ló sọ fún wa pé ọpọlọ rẹ̀ yá, bíréèkì rẹ̀ ni kò tètè mú. Lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n fi ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú lédè òyìnbó, ADHD. Ó ní kíkà tó ń dàrú mọ́ ọn lójú jẹ́ ìṣòro mìíràn tó wọ́ tẹ̀lé e, àti pé ọ̀pọ̀ wọn ló ń pẹ́ tọ̀ sílé. Ó ní kí wọ́n pín iṣẹ́ fún un ní kéékèèké, kí wọ́n jẹ́ kó máa dìde láàárín. Mo ní, “Bí obì mẹ́wàá mẹ́wàá?” Kò yé e. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà fún iléèwé.

Ọ̀gá iléèwé gbé gíláàsì sójú, ó kà á dé ìdajì, ó fi lé mi lọ́wọ́. “Mísìsì, dókítà yín ò tíì kọ́ ọmọ àádọ́ta rí. Àrùn òyìnbó ni, kò dé Iléṣà. Pàṣán ni wọn ò fún un tó.” Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ kan bá ọmọ wí, ká fi èkejì fà á mọ́ra. Ọwọ́ tó bá ọmọ mi wí, mo rí i kedere. Ọjọ́ náà ni mo yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ó gbé ọdún kan lọ́dọ̀ ìyá, ó tún kíláàsì kìíní bẹ̀rẹ̀ ní iléèwé mìíràn, níbi tí tíṣà kan ti sọ pátákó nínù àti ṣọ́ọ̀kì pínpín di iṣẹ́ ọmọ náà, kó lè máa rí ìdí dìde.

Nísinsìnyí, nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, ní ẹ̀ka tí wọ́n ń gbé àwọn tó ní ìjàǹbá wá, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti jókòó. Ọ̀gá iléèwé ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pè é ní ìyá ẹgbẹ̀rún ọmọ, wọ́n sì fún mi ní ìwé ìpè. Mo fi nu ilẹ̀ ilé ìdáná. Mo ti ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ ọdún: ti apá, ti ìhó, ti kókó ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì, ti lẹ́tà. Mo mọ̀ wọ́n lórí bí ẹni mọ Olúwa ni olùṣọ́ àgùntàn mi.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi gbé ọmọ tuntun wá. Mo ra ọ̀já titun fún un. Ó mú un, ó fọwọ́ rọ́ ọ wò bóyá ó rọ̀, ó sì ní, “Mọ́mì, èyí tí mo máa ń jẹ létí ńkọ́?”

N kò mọ̀ pé ó rántí. Mo ní mo ti dáná sun ún. Ó wà nínú àpótí mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, “Sítáàṣì inú rẹ̀ ló máa ń gún mi níkùn. Mo máa ń jẹ ẹ́ kó lè rọ̀ ni.” Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó so ọ̀já náà, ó ń jó kiri pálọ̀ kí ọmọ lè sùn. Kò sọ ọ́ bí ẹni ń báni wí. Èmi sì jókòó jẹ́ẹ́ sábẹ́ ìwé ẹ̀rí mi, “má bínú,” ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo ti ń retí lẹ́nu gbogbo ènìyàn láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, n kò rí i sọ.