Omi Ọjọ́ Keje

Èmi ni mo da omi sí Auntie lẹ́nu. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí pé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Thamesmead West nílùú òyìnbó níbí, nínú ilé ìkẹ́rùsí tí a sọ di ilé àdúrà, oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ti gbà sọ ọ́.

Auntie kì í ṣe ẹbí mi. Nọ́ọ̀sì ni nílé àwọn arúgbó tí èmi náà ti ń ṣiṣẹ́, a sì jọ ń gbé yàrá kan. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà n'Ìbàdàn, ó ń dúró de fisà tí yóò fi wá bá ìyá rẹ̀. Bí wọn kò bá fún un, tí ó sì pé ọdún méjìdínlógún kó tó tún béèrè, ìjọba kò ní kà á sí ọmọdé mọ́. Ìdí nìyẹn tí Auntie fi gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje: láti mẹ́fà àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kò ní jẹ, kò ní mu.

Ọjọ́ keje bọ́ sí ọjọ́ tí ọ̀gá wa kó àwa òṣìṣẹ́ lọ rìn lórí ilẹ̀ gíga kan ní àríwá, láti fi tọrọ owó àánú fún àwọn aláìsàn. Bọ́ọ̀sì ti gbé wa kúrò ní Woolwich lọ́jọ́ tó ṣáájú. Àwọn kan máa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì rin ọ̀nà náà tán. Tiwa kò ju ọjọ́ kan lọ. Mo ní kí Auntie má lọ.

Ó ní, "Ọ̀gá ló sponsor fisà mi. Ṣé kó máa rò pé mi ò serious ni?"

Ó tún kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, pé ààwẹ̀ tí èèyàn bá ń polongo kì í ṣe ààwẹ̀ mọ́. Mo gbà. Àgbà ló sọ̀rọ̀, èmi ta ni?

Ilẹ̀ yẹn kò nígi, kò nílé. Koríko gbígbẹ àti ẹrẹ̀ dúdú ni, atẹ́gùn sì ń gbá èèyàn létí láìṣẹ̀. Àwọn òyìnbó ní ó rẹwà. Èmi ò rí ẹwà kankan níbi tí èèyàn lè kú sí tí ajá ò ní gbó. Lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo wa jókòó jẹun, ọ̀gá fún Auntie ní tíì. Ó ní òun ti mu. Mo gbọ́, mo sì ń jẹ búrẹ́dì mi lọ.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè mí, ó sì ṣubú sínú ẹrẹ̀.

Mo ní, "Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu water yìí."

Ó pa eyín pọ̀. "Two hours ló kù. Two hours péré."

Mo gbé orí rẹ̀ lé itan, mo fi ìka la ẹnu rẹ̀, mo da omi sí i. Ó gbé e mì, ó sì bú sẹ́kún. Ní ọsibítù, dókítà sọ pé ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, kíndìnrín rẹ̀ ì bá ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n kọ̀ láti fún ọmọ náà ní fisà. Auntie kó ẹrù rẹ̀ lọ sí apá Tavy Bridge. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí. Ẹnu ọ̀nà ló ti wò mí, ó ní, "O ò lè dúró fún two hours."

Ó bí mi nínú, ó ṣì ń bí mi. Ṣé kí n máa wò ó títí yóò fi kú ni? N kò kábàámọ̀ omi yẹn. Tíì ọ̀sán ni mo kábàámọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, ti Auntie ló fẹ́ bá mi dákẹ́.

Ọmọ náà ti pé méjìdínlógún báyìí. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Bí àwọn òyìnbó bá wà níbẹ̀, á dá mi lóhùn. Bí ó bá ku àwa méjì, á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, á fi mí sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.