Òṣùká Bátìrì

Òórùn rọ́bà tútù ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú tí wọ́n bá dárúkọ Ọ̀rẹ̀. Bí o kò bá gbọ́ òórùn yẹn rí, ọ̀rẹ́ mi, má wulẹ̀ bèèrè. Ó ń rùn bí ẹran tí wọ́n gbàgbé sínú òjò, àmọ́ kò pẹ́ tí imú mi fi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, ìkùukùu á bo oko kòkó tó wà lẹ́yìn ilé ìyá ọkọ mi ní Àgọ́ Aláyè, lẹ́bàá Ọ̀rẹ̀, òórùn náà á máa gba inú rẹ̀ wá díẹ̀díẹ̀, a ó sì máa gbọ́ ìró ọkọ̀ akẹ́rù láti ọ̀nà márosẹ̀, bí ẹni pé ojú àlá ni wọ́n ń gbà kọjá.

Ayé ológun ni, ayé ọ̀wọ́n ọṣẹ àti mílíìkì. Ìyá ọkọ mi á ní bí a gún iyán nínú ewé, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Wọ́n fẹ́ràn òwe yẹn púpọ̀, bóyá nítorí pé òwe nìkan ni kò wọ́n nígbà náà. Èkó la ti wá bá wọn. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to rédíò ni ọkọ mi wà kí wọ́n tó dá òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró. Láti ìgbà tí a ti dé ló ti dákẹ́. Ó di àpò kan, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní òun á gba Òkè Ọya dé Líbíà. A mọ àwọn tó lọ bẹ́ẹ̀ tí a kò gbúròó wọn mọ́. Mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́, mo dì mọ́ ọn. Bí mo ṣe ń dì mọ́ ọn tó ni ojú rẹ̀ túbọ̀ ń wo ọ̀nà.

Àfi bí a ṣe gbọ́ pé ọ̀gá ilé-ìwé girama kan ní Ọ̀rẹ̀ ń wá olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀gá náà ní ilé-ìwé kò ní irinṣẹ́ kankan, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ wá fi ohun tó wà láyìíká ṣe nǹkan tí ẹnu á ya àwọn ọmọ. Ọkọ mi ní òun á ṣe ọkọ̀ òfúrufú kékeré.

"Bó bá fò, mo dúró," ó wí. "Bí kò bá fò, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo máa wọkọ̀."

Imọ̀ ògùrọ̀ tó fúyẹ́ ló fi ṣe egungun rẹ̀, ó fi bébà bo apá rẹ̀, ó sì tú mọ́tò inú ọkọ̀ ìṣeré kan tó ti bà jẹ́ láti máa yí abẹ̀bẹ̀ imú rẹ̀. Bátìrì kéékèèké tí ìyá rẹ̀ sá sórí páànù kí oòrùn lè fún wọn lágbára, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nígbà náà, ló kó sí i nínú. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo ara ọkọ̀ náà á máa gbọ̀n, bátìrì á yẹ̀, abẹ̀bẹ̀ á dákẹ́. Ọmọ ibi tí rọ́bà ti ń ṣàn lára igi ni ọkọ mi, rọ́bà ló sì gbẹ́kẹ̀ lé. Ó gé rọ́bà tútù tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi so bátìrì pinpin. Nínú ilé, ó dára. Nígbà tó gbé e dé pápá lọ́sàn-án, oòrùn mú rọ́bà, rọ́bà rọ̀, ó nà, bátìrì sì yọ̀ lọ sídìí. Imú ọkọ̀ náà dojú kọ ọ̀run, ó dúró díẹ̀ lófúrufú, ó sì fi ìdí já bọ́. Ó tún un ṣe, ó so ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó tún já. Nígbà tí ìdánwò níwájú ọ̀gá ilé-ìwé ku ọ̀la, ó nu bàtà rẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ọ̀nà Aráròmí-Obu dé pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí. Ó wá sọ̀ mí. Mo ṣí òṣùká kúrò lórí, mo kàn dì í mú. Ó lọ́wọ́ọ́rọ́, ó sì ti jin níwọ̀n orí mi. Kùkùté àti kòtò ni mo gbà wá láti oko, ẹyọ ẹ̀gẹ́ kan kò sì bọ́.

"Bátìrì yẹn kò ní òṣùká," mo wí.

"Kí lo wí?"

"Ẹ̀ ń so ó ni. Ta ló ń fi okùn so ẹrù mọ́rí?"

Ó wò mí títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe ń dún. Ó dìde lọ ṣa òwú àràbà, èmi náà wọlé lọ wá aṣọ tó rọ̀. Gbogbo àkísà wa ló ti gan. Mo bá ṣí àpò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀wù tó fẹ́ wọ̀ lọ ló wà lókè, ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Mo gé ìdí rẹ̀, mo ki òwú sí i, mo rán an ní òṣùká kékeré.

Ó hun ìtẹ́ ògùrọ̀ sábẹ́ apá ọkọ̀ náà, ó gbé òṣùká sí i, bátìrì sì jókòó síbẹ̀ láìfún, láìsí àyè tó pọ̀ jù. Ó fi ìka méjì gbé ọkọ̀ náà lábẹ́ apá.

"Ìdí ṣì ń wúwo."

"Ẹ sún un síwájú díẹ̀," mo wí, bí mo ṣe máa ń sún ẹrù tó bá ń fa ọrùn mi sẹ́yìn. Ó sún un, ó tún sún un, títí ọkọ̀ náà fi dúró gbọọrọ lórí ìka rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó rí aṣọ náà dáadáa.

"Ṣé ẹ̀wù mi kọ́ nìyí?"

"Èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀ lọ ni."

Ó tan mọ́tò, ó gbé etí sún mọ́ ọn. Bátìrì ń gbọ̀n jẹ́jẹ́ nínú òwú, kò sì yẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tí ìjọba ní kí gbogbo ìlú gbálẹ̀ ni ìdánwò náà bọ́ sí. Àwọn sójà ti dí ọ̀nà, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ rìn. Ìwọ náà mọ Ọ̀rẹ̀: ibẹ̀ kì í dákẹ́. Láàárọ̀ yẹn, ó dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ ìró àdá àwọn ọmọ ilé-ìwé nínú koríko. Lórí pápá ilé-ìwé, ọkọ mi sáré díẹ̀, ó ju ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀ sókè. Ọkọ̀ náà kọ́kọ́ rì. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè. Ó kọjá lórí àwọn ọmọ tí wọ́n gbé àdá dúró, ó yí igi fúrúùtù ká, ó ń kùn bí oyin nínú ìdákẹ́jẹ́ ńlá yẹn, mo sì ń rò pé kò ní sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ó rọra bà sórí koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

"Ọjọ́ Ajé, ẹ tètè dé o," ni ọ̀gá ilé-ìwé wí.

Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí ọ̀nà. Fèrè ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn akẹ́rù ń lọ sí gbogbo ibi tí wọ́n ń lọ. Ọkọ mi kò tilẹ̀ yíjú wo ọ̀nà.

Ẹ̀wù yẹn náà ló wọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó ki ẹ̀wù náà bọ inú ṣòkòtò, àwa méjèèjì nìkan la mọ̀ pé kò ní ìdí. Ó ti darúgbó báyìí, kì í sì í dákẹ́ mọ́. Bí ó bá di alẹ́, èmi ni mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n sùn. Nígbà míì, mo máa ń rántí bí mo ṣe fi ẹkún so ó mọ́lẹ̀ pinpin bíi rọ́bà, tó sì ń yọ̀ lọ mọ́ mi lọ́wọ́ sọ́nà ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Ibi rírọ̀ tó lè jókòó sí ni kò rí. Ẹ̀wù náà wà nínú àpótí mi dòní. N kò lẹ ibi tí mo gé.