Kẹ̀kẹ́ Bàbá Ameenat Yí Etí Òkun Po

Ẹni tó bá ń gbé Ṣógúnlé tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí Bàbá Ameenat dọ̀bálẹ̀ fún ọmọlangidi, àlejò ni. Télọ̀ kan ló wọ agbádá funfun fún ọmọlangidi rẹ̀, ó dé e ní fìlà, ó gbé e jókòó sórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Ameenat ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀. Bó ṣe rí agbádá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá." Bàbá ò dáhùn. Ó tún kí i. Bàbá ò mira. Àwọn kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló kí i. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni, èmi ni mò ń kọ ọ́. Nígbà tí télọ̀ àti àwọn oníbàárà rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, Bàbá Ameenat gbọn eruku àyà rẹ̀ nù. "Ẹ̀rín kí lẹ̀ ń rín? Agbádá ni mo kí. Agbádá yẹn ju gbogbo yín lọ."

Mísbáù lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ará Ìsẹ́yìn ni, ó ta ike ní Òṣòdì títí orí rẹ̀ fi funfun. Òfin kan ṣoṣo ló fi ń gun kẹ̀kẹ́: èèyàn kì í jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí àgbà. Ẹni tó bá jù ọ́ lọ, wàá sọ̀ kalẹ̀, wàá dọ̀bálẹ̀, wàá béèrè ilé, wàá béèrè ọmọ, wàá dúró gbọ́ èsì. Nítorí náà, láti Ṣógúnlé dé Àjàó Estate, òwúrọ̀ ló ń kúrò nílé, ọ̀sán ló ń débẹ̀. Bí a bá ní ó pẹ́, á ní, "Ẹsẹ̀ ò dùn mí. Àyà ló ń dùn mí." A máa ń rẹ́rìn-ín pé ìdọ̀bálẹ̀ ló pọ̀ jù. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀.

Dókítà kan ní Ìsọlọ̀ gbé ẹ̀rọ lé e láyà, ó tẹ́tí.

"Bàbá, ọkàn yín ti rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ sinmi."

"Kẹ̀kẹ́ ò rẹ̀ ẹ́, dókítà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lépo ni."

"Bàbá!"

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n gun ọ̀kan ṣoṣo sí i. Létí òkun. Màá lọ, màá sì bọ̀."

Dókítà kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, ó ní bó bá jẹ́ èyí tí kò le, tí kò ní òkè, tí kò ní eré sísá, kó gùn ún kí òjò tó dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Bàbá Ameenat dúpẹ́, ó jáde, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún nọ́ọ̀sì kan lẹ́nu ọ̀nà torí pé ó rí ewú díẹ̀ lábẹ́ fìlà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà rò pé ó ti dákú, ó pariwo pe dókítà padà.

Gbogbo wa la mọ ìdí tó fi jẹ́ òkun, a kì í kàn sọ ọ́ ni. Alameen, àbúrò rẹ̀, bá àwọn ọ̀rẹ́ lọ wẹ̀ ní abúlé kan lọ́nà Àgbádárìgì nígbà tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ú. Òkun gbé e, kò dá a padà. Ìyá wọn ní òun ò rí òkú, nítorí náà kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wá kí òun kú ọ̀fọ̀. Ẹni tó dán an wò, omi ló fi lé e jáde. Kò sí fidáù, kò sí sàráà. Ìyá kú bẹ́ẹ̀. Bàbá Ameenat darúgbó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó kí i. Ohun tó ń wá kò ju pé kí ọmọ ìyá wọn kan dé etí òkun yẹn, kó sì padà wálé.

Òun àti Oyèlékè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Ìjẹ̀bú-Igbó tó fẹ̀yìn tì ní pápákọ̀ òfurufú, ni wọ́n jọ jókòó ti ọ̀nà náà. Oyèlékè ń fi ìka fa ojú fóònù.

"A ó gba inú igbó àgbọn wọlé, a ó jáde sórí bèbè òkun, a ó tẹ̀lé bèbè náà, igbó la ó tún gbà padà síbi tí mọ́tò bá já wa sí. Fóònù ní kò le."

"Ṣé fóònù mọ iye àgbà tó jókòó sójú ọ̀nà?"

"Mísbáù, báwo ni fóònù ṣe máa mọ àgbà?"

"Ta ló wá sọ fún un pé kò le?"

Ọ̀dọ̀ Ayọ̀kúnmi ló gbà lọ, awakọ̀ tó ń kó àgbọn láti abúlé yẹn wá sí Òṣòdì. Ìyẹn ló mọ ìdí igi tí àgbà kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí. Bàbá Ameenat wá gba àwo pẹrẹsẹ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó fi gàrí ṣe yanrìn, ó fi ẹ̀fọ́ ṣe igbó, ó fi àlùbọ́sà ńlá ṣe bèbè òkun, ó sì fi ata rodo ṣe àwọn àgbà. Odindi ọ̀sán ló fi ń fi ìka la ọ̀nà tí kò ní fara kan ata kankan. Ó lọ kírun ìrọ̀lẹ́, ó dé, kò bá nǹkan kan.

"Ìyá Ameenat, bèbè òkun dà?"

"Mo ti gé e sọ́bẹ̀."

"Igbó ńkọ́?"

"Òun náà wà níbẹ̀."

"Àwọn àgbà!"

"Mo ti lọ̀ wọ́n. Ẹ wá jẹun kó tó tutù."

Ó jẹun, ó ń làágùn. Nígbà tó mumi tán, ó mí kanlẹ̀. "Àwọn àgbà yẹn mà ta o."

Ìyá Ameenat sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun mọ ohun tó wà nínú àwo yẹn dáadáa. Ó rò pé bí òun bá sè é, ọkọ òun ò ní lọ mọ́.

Ó lọ. Ọyẹ́ ti ń ká kúrò nílẹ̀ nígbà tí Ayọ̀kúnmi gbé òun, Oyèlékè àti kẹ̀kẹ́ méjì débẹ̀. Ayọ̀kúnmi dúró ti mọ́tò; àwọn méjèèjì gba inú igbó àgbọn, wọn ò pàdé ẹnì kankan. Wọ́n jáde sórí bèbè. Òkun ti jẹ ìdí bèbè náà títí ó fi dúró ṣánṣán bí ògiri, tí gbòǹgbò àgbọn ń fì nínú afẹ́fẹ́. Ó ga tó ilé alájà mẹ́ta. Oyèlékè ní kò ju igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ, ṣùgbọ́n ojú Oyèlékè ò ríran jìnnà. Ibẹ̀ ni ìyá arúgbó kan jókòó sí, tó ń tún àwọ̀n ṣe. Ayọ̀kúnmi kò kà á mọ́ àwọn àgbà tó mọ̀.

"Má sọ̀ kalẹ̀!" Oyèlékè kígbe. "Mísbáù, àyà rẹ!"

Ó ti wà nílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

Ègùn ni ìyá náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké. "O kú ìrìn, ọkọ mi. Ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà."

"Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ?"

"Wọ́n wà."

"Àbúrò ńkọ́?"

Bí a ṣe ń kíra náà nìyẹn. Èèyàn á ní "Wọ́n wà," a ó sì máa bá a lọ. Bàbá Ameenat ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́ sí omi.

"Ibẹ̀ yẹn ló wà, ìyá. Ó ti pẹ́."

Ìyá náà wo òkun. Ó gbé àwọ̀n kalẹ̀, ó dìde, ó wá gbé ọwọ́ lé e léjìká. "O kú àráfẹ́rakù, ọmọ mi."

Arúgbó ńlá, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Oyèlékè ní òun ò sunkún ní tòun o, afẹ́fẹ́ ló da yanrìn sóun lójú. Ayọ̀kúnmi ní afẹ́fẹ́ ò fẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ó kù kí Bàbá Ameenat padà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, èémí rẹ̀ ti ń já. Oyèlékè fẹ́ pe Ayọ̀kúnmi kó gbé mọ́tò wá pàdé wọn. Bàbá Ameenat gba fóònù, ó jókòó lé e lórí. "Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wá gbé mi. Èmi fúnra mi ni mo gbọ́dọ̀ padà dé." Ó gùn, ó sinmi, ó ti kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, ó tún gùn. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mọ́tò. "Mo dé o," ló wí.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà kò bá a láyé. Ojú oorun ló bá lọ, ní wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ó ti ṣe sàráà Alameen kó tó lọ. Ó pe àfáà, ó pe gbogbo àdúgbò, ó sì ní kò sẹ́ni tó máa bá òun dín àkàrà. Àbúrò òun ni. Ó bu iyọ̀ sí i, ó gbàgbé, ó tún bu iyọ̀ sí i. A tò lọ́kọ̀ọ̀kan, a kí i: "Ẹ kú àráfẹ́rakù." Ó ń dáhùn gbogbo rẹ̀, ó ń bu àkàrà fúnni. Ìyá Ameenat ń pín omi kiri lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú sí wa.

"Ṣé ó dùn?" ó bi wá.

"Ó dùn, Bàbá Ameenat."

"Ṣé iyọ̀ ò pọ̀?"

"Kò pọ̀ rárá."

Ó fi ọ̀kan sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó wò wá láti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ǹṣì dé ìparí. "Òpùrọ́ ni gbogbo yín," ló wí, ó rẹ́rìn-ín, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó tún bu òmíràn fún wa. A jẹ ẹ́ tán.