Ìbọ̀wọ́ Lọ́jọ́ Oòrùn

Ìwádìí fún yunifásítì ló gbé mi dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Thamesmead, nílùú Òyìnbó. Mo fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń tú ọwọ́ àwọn ọmọdé sílẹ̀, tó sì ń la ojú inú wọn. Nígbà tèmi nílé, ìgbálẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí kò bá mú tirẹ̀ wá, ẹgba ni. Àwọn ti ibí ń gé páálí, wọ́n ń hun bébà, èmi a sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mà á máa wò wọ́n.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tèmi. Òun nìkan ló ń pè mí ní Auntie; Miss làwọn yòókù ń pè mí. Bó bá ti mú àlùmọ́gàjí, bébà á ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Tíṣà rẹ̀ ní àwọn fẹ́ fi í sáàárín àwọn tí ọwọ́ wọn kò yá, kí wọ́n máa mú un kúrò ní kíláàsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Lọ́jọ́ kan mo jáde lọ mu omi. Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo yọjú wò wọ́n láti ara gíláàsì ilẹ̀kùn. Ọmọ yìí ti lọ mú àlùmọ́gàjí aláwọ̀ ewé tí wọ́n ṣe fún àwọn ọlọ́wọ́ òsì, ó ń fi òsì gé ìyẹ́ ẹyẹ lára páálí, fínnífínní. Mo ṣílẹ̀kùn. Ojú wa ṣe mẹ́rin, ó sì yára fi ọ̀tún gbà á. Èmi ni ọmọ náà ń bẹ̀rù. Òyìnbó ò bìkítà ọwọ́ tó fi gé e. Àgbà Yorùbá tó jókòó tì í ló ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Mo ṣàlàyé fún tíṣà. Ó ní kí n bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣebí a jọ gbọ́ èdè. Ìyá náà, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó, ní kí n pàdé òun ní Powis Street bí òun bá ti ṣíwọ́. Nígbà tí a pàdé, mo fi ẹ̀rín sọ fún un pé kó jẹ́ kí ọmọ máa fi òsì gé nǹkan. Òun kò rẹ́rìn-ín.

“Auntie, summer yìí la máa lọ sí Ìbàdàn,” ló wí. “Tó bá lọ fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí ìyá ọkọ mi, ta ni wọ́n máa blame? Wọ́n á ní mi ò train ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.”

Mo ní ọmọ ò júwe ilé baba ẹnikẹ́ni, páálí ló ń gé. Ó ní òun ti gbọ́, ó dúpẹ́, ó wọ bọ́ọ̀sì. Ọkàn mi ò balẹ̀ títí mo fi délé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, oòrùn mú débi pé a ṣí gbogbo fèrèsé. Ọmọ náà wọlé tòun ti ìbọ̀wọ́ òtútù lọ́wọ́ òsì. Tíṣà bi í bóyá ó fara pa. Ó mi orí pé rárá. Ó fi ọ̀tún mú àlùmọ́gàjí, bébà sì ya. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rọra bi í bóyá ooru ò mú ọwọ́ náà.

“No, Miss,” ló dá mi lóhùn, kò sì gbójú sókè.