Ọwọ́ Isiaq Lára Irin

Tẹ́ ẹ bá béèrè Ìyá Kausarat ní Fola Agoro, ẹni tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ bá pàdé ló máa júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún yín. Serifat ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń tún ọkọ̀ ṣe, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì máa ń sọ pé etí ló fi ń wo ọkọ̀, kì í fojú wò ó. Isiaq ọkọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ìyàwó bá tú, ọkọ á bá a jó o pọ̀.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, Isiaq ń ṣe àlùwàlá ìrun àárọ̀ lọ́wọ́ ló ṣubú. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́. Dókítà ní iṣan inú ọpọlọ ló bẹ́. Serifat ṣe opó rẹ̀ pé, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Kò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú, kò sì sunkún títí di bá a ṣe ń wí yìí. Àwọn ará àdúgbò ní obìnrin náà le koko bí ojú ẹja. Àmọ́ kì í ṣe líle. Ńṣe ni inú rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé lórí pẹ́. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni, ó fọwọ́ kàn án, kò dùn ún, kò yún un.

Bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí Mahmood gbé jíìpù rẹ̀ dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni Mahmood, iná sólà ló ń bá àwọn abúlé etí omi ṣe. Ọ̀nà ibẹ̀ kò dára, ìyẹn ló jẹ́ kó ra jíìpù tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà ti gbé e ga kúrò nílẹ̀, ó sì ti ki táyà ràbàtà-ràbàtà sí i.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀kan ní gíà ni, a pààrọ̀ gíà. Èkejì ní bíárìn ni, a pààrọ̀ ìyẹn náà. Ẹ̀kẹta ní kí n máa gbé rédíò sókè."

Láyé ìjọsí, Serifat ì bá ti rẹ́rìn-ín. "Irú ariwo wo ni?"

"Ó máa ń kùn mà, á sì máa gbọ̀n. Ìjókòó á máa mì lábẹ́ mi."

"Ìgbà wo?"

"Tí eré mi bá ti tó ọgọ́ta."

Serifat ní kó tẹ iná mọ́ ọn lórí ìdúró. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, àmọ́ kò sí kíkùn kankan nínú rẹ̀. Ó wọlé jókòó ti Mahmood, wọ́n gba Palmgrove bọ́ sí ojú ọ̀nà Ìkòròdú. Eré dé ọgọ́ta, ariwo náà sì bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń fa tábìlì lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí iná." Ó rọlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ gbé e sí nútúrà." Ẹ́ńjìnnì dákẹ́, àmọ́ kíkùn náà ń bá wọn lọ lábẹ́, ó ń lọ sílẹ̀ bí eré ọkọ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀.

"Kò tẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì," Serifat wí. "Ohun tó ń bá ẹsẹ̀ yí ló ń tẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ ká padà."

Ó gbé jíìpù sórí jáàkì, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì tú ọ̀pá irin gígùn tó ń gbé agbára láti inú gíà lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní pùròpẹ́là. Ó fi í lélẹ̀. Ó ní kí Mahmood fa gíà kékeré, kó lè jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni yóò máa fa ọkọ̀, wọ́n sì tún jáde. Ọgọ́ta. Àádọ́rin.

"Ó ti dákẹ́!" Mahmood lu sítíárìn.

Nígbà tí wọ́n padà, Serifat lóṣòó ti pùròpẹ́là náà. Wọ́n ti gé e láàárín, wọ́n sì ti ki irin mìíràn bọ̀ ọ́ kó lè gùn sí i, nítorí gíga tí wọ́n gbé ọkọ̀ ga.

"Oríkèé méjì ló ní," ó ṣàlàyé fún Mahmood, "ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ó yẹ kí wọ́n kọjú síbì kan náà, bí ẹni méjì tó jọ gbé pákó, tí wọ́n jọ ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún pọ̀. Ẹni tó jó o jẹ́ kí ọ̀kan yẹ̀. Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà ni."

Ó fi àkísà àti kẹrosíìnì nu ọ̀dà ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ náà. Irin tó ti yọ́ tò lórí ara wọn wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, kò sí ọ̀kan tó tóbi ju èkejì lọ. Níbi tó parí sí, ojúàmì mẹ́ta wà tí wọ́n fi ìṣó lù. Àmì tí Isiaq máa ń fi sí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àmọ́ ní apá kejì ìpẹ́ náà dàrú, irin dì gbùù síbì kan, ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹni tó ṣe é sì ti fi fáìlì rẹ́ ẹ kó má baà hàn.

"Ìgbà wo ni wọ́n ṣe èyí?"

"Kí n tó rà á ni mà. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni."

Serifat rántí pé nínú oṣù yẹn, òun lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ìyá òun ní Ìsẹ́yìn. Ó dìde, ó sì lọ pe Bọ́dúndé, wẹ́dà tó wà ní òdìkejì títì, ọ̀rẹ́ Isiaq.

"Bọ̀dá Bọ́dúndé, ẹ wo iṣẹ́ yìí."

Bọ́dúndé wò ó, ó gbójú kúrò. "Ọwọ́ Isiaq ni."

"Mo mọ̀. Kí ló ṣe ọwọ́ ẹ̀?"

Bọ́dúndé fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ ọ̀tún ti ń kú fún un, ó tó oṣù méjì kó tó ṣaláìsí. Ife bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lójú mi, lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó lọ rí dókítà, ó ní tóun bá ti parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín."

"Ẹ sì gbà fún un."

"Mo gbà fún un, Ìyá Kausarat. Ojoojúmọ́ ló ń jí mi lójú oorun."

Serifat dúró kí ìbínú dé. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó dé, ó tilẹ̀ fàyè sílẹ̀ fún un. Kò dé. Afẹ́fẹ́ ń gbé ọ̀rá kan kiri lójú títì, ó sì ń wò ó.

Mahmood jókòó lórí táyà àlòkù, ó ń tẹ fóònù. Kò gbọ́ nǹkan kan, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún un láyé. Serifat lọ bá a.

"Ọkọ mi ló jó irin yín. Àìsàn ti wà lára ẹ̀ nígbà yẹn, mi ò mọ̀. Ẹ má bínú. Màá tún un ṣe, mi ò ní gba owó iṣẹ́."

Mahmood dìde. "Ṣé wọ́n…"

"Wọ́n ti lọ."

"Ọlọ́run á fi Àlùjánnà kẹ́ wọn."

"Àmín," Serifat wí, bí ẹni gbé sípánà padà síbi tó ti mú un.

Bọ́dúndé ní kó jẹ́ kóun gé e. Serifat ní rárá, kó bá òun dì í mú ni. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti orí oríkèé kan dé èkejì, ó sì ti ẹ̀rọ ìgérin bọ ojú ibi tí ọkọ rẹ̀ jó. Iná ń ta pàrà. Nígbà tí irin náà pín sí méjì, ó to oríkèé méjèèjì kí wọ́n kọjú síbì kan náà bó ti yẹ, Bọ́dúndé sì jó o pọ̀ lákọ̀tun. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Serifat gbé e padà sábẹ́ ọkọ̀. Mahmood sáré dé ọgọ́rin, kò gbọ́ nǹkan kan ju ohùn táyà lọ. Ó dúpẹ́ títí ó fi lọ.

Nírọ̀lẹ́, nílé wọn ní Bàrígà, Serifat sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ Isiaq fún Kausarat ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó ní kí ló dé tí bàbá òun kò fi sọ. Serifat gbá a mọ́ra, ó ń pa á lẹ́yìn. Omijé ọmọ náà rin aṣọ rẹ̀ lọ́rùn, ó sì mọ̀ pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Lọ́jọ́ kejì, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó lọ dúró níwájú Bọ́dúndé.

"Ẹ pa iná yẹn. À ń lọ sí ọsibítù."

"Kí ló ṣe mí?"

"Ìyẹn la fẹ́ lọ mọ̀."

Wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Bọ́dúndé, ó ní ó dára. Ó wá di aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ apá Serifat, ó wò ó, ó tún un wọ̀n.

"Màmá, tiyín ga púpọ̀ o. Ṣé orí kì í fọ́ yín ni?"

Serifat ronú sí i. "Mi ò mọ̀," ó wí, òótọ́ ló sì sọ. Ó gba oògùn, ó béèrè omi, ó sì lo àkọ́kọ́ níbẹ̀ lójú Bọ́dúndé.