Búta Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Obìnrin tó ń bá wọn ta ilé náà ní Peckham ti kìlọ̀ fún Alhaja Mìsítúrà pé kí ó kó gbogbo ohun ìdílé kúrò níta, kí ẹni tó bá wá wò ó lè rí i bí ilé tirẹ̀. Wọn ò lè má tà á. Ọkọ rẹ̀, Alhaji Mùsílíù, ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì, iyè rẹ̀ sì ti ń ra. Mìsítúrà ká fọ́tò kúrò lára ògiri, ó ká ẹní ìkírun, ó sì ti búta sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Tọkọtaya tó wá wo ilé ń yin fèrèsé lọ́wọ́ nígbà tí Alhaji jáde ní balùwẹ̀, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ibo lẹ ń gbé búta sí níbí?"

"Alhaji, èmi Mìsítúrà ni. Ilé wa nìyí."

Ó wo ògiri yíká. "Ilé wa kọ́. Fọ́tò Yusrah ọmọ mi wà nílé wa."

Mìsítúrà sáré gbé búta jáde, ó bu omi sí i. Alhaji ṣe àlùwàlá láìfo ìgbésẹ̀ kankan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá búta padà fún un.

"Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ bá mi kí baálé yín."

Nígbà tí obìnrin tó ń bá wọn ta ilé fi máa tẹ Mìsítúrà láago pé àwọn àlejò fẹ́ràn ilé náà, Mìsítúrà ti fi gbogbo fọ́tò kọ́ padà. Alhaji ṣì jókòó sẹ́nu ọ̀nà tòun ti bàtà, ó ń retí ẹni tí yóò mú un lọ sílé.